Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìgbà Tí Wọ́n Ṣe Ìgò Oògùn Àtijọ́ Tí Lẹ́tà Yọ Lára Rẹ̀

Ẹni tó bá ra ìgò oògùn àtijọ́, ọdún ló kọ́kọ́ máa ń wá lára rẹ̀. Tó bá ti rí ọdún kan níbẹ̀, iṣẹ́ parí lójú tiẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìgò Turlington's Balsam of Life, oògùn ará London kan, ní January 26, 1754 lára, ọjọ́ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kódà àwọn ilé iṣẹ́ dígí Amẹ́ríkà tó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ kọ ọ́ sára tiwọn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò Drake's Plantation Bitters, tí wọ́n ṣe bí ilé onígi, ní "PATENTED 1862" lára òrùlé rẹ̀. Ọdún tí wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ nìyẹn. Ìgò tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, a ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Dígí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká rí bí wọ́n ṣe ṣe é, ká tó wá ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ìgò Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ, torí àwọn ló pọ̀ jù ní ọjà àlòkù, yálà ẹ wà ní London tàbí ní Philadelphia.

Ohun tí ẹ máa nílò

Tọ́ọ̀ṣì kékeré. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, èyí tó lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá bó bá ṣeé ṣe. Rúlà, pẹ́ńsù, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bébà funfun tó nípọn díẹ̀, pọ́dà ọmọ díẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Ìwé yẹn kì í ṣe àṣejù: ẹni tí kò bá kọ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń rí i, èyí tó wù ú nìkan ló máa rántí nígbẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ pé etí odò Thames lẹ fẹ́ ti lọ ṣa ìgò, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Port of London Authority. Láìsí i, òfin ò gbà kí ẹ mú ohunkóhun níbẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ tó fọ̀ ọ́

Tí oògùn bá ṣì kù nínú ìgò, ẹ má gbóòórùn rẹ̀, ẹ má sì dà á sínú sínkì. Oògùn ìgbà yẹn lè ní morphine, strychnine tàbí mercury nínú. Mrs. Winslow's Soothing Syrup, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ ọwọ́ kó lè sùn, morphine ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dé e padà, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba kẹ́míkà olóró.

Tí bébà bá ṣì lẹ̀ mọ́ ìgò, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Bébà yẹn lè sọ ohun tí dígí ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó ní wọ́n fọwọ́ sọ oògùn náà dájú lábẹ́ òfin oúnjẹ àti oògùn Amẹ́ríkà ti June 30, 1906: ẹ ti mọ̀ pé kò lè dàgbà ju 1906 lọ, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí 1920 tó dé.

Ìgò tí kò ní bébà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fún inú rẹ̀, ẹ da ìrẹsì tútù díẹ̀ sí i pẹ̀lú omi, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni omi gbígbóná, tó máa ń mú kí dígí àtijọ́ sán, àti iyanrìn tàbí kànrìnkàn onírin, tó máa ń ha á.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ìdọ̀tí ti lọ. Tí ẹ bá ṣì rí àwọ̀ bíi òṣùmàrè lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó ti pẹ́ sí ló jẹ ojú dígí náà, kò ṣeé fọ̀.

Ìpele 2: Ẹ tọ ìlà mọ́ọ̀dù lọ dé òpin

Ìpele yìí ló wúlò jù, ẹ má kánjú níbẹ̀. Lẹ́tà kì í yọ lára ìgò láìsí mọ́ọ̀dù, mọ́ọ̀dù sì sábà máa ń jẹ́ abala méjì tó pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìgò méjèèjì. Ẹ dá ìgò sí ìbú, kí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi èékánná tọ ìlà náà láti ìdí gba èjìká, gba ọrùn, títí yóò fi sọnù lábẹ́ èékánná yín. Ẹ fi rúlà wọn bí ibi tó ti sọnù ṣe jìnnà sí ẹnu ìgò tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ìlà bá parí sí ọrùn tàbí lábẹ́ ẹnu, ènìyàn ló fi ẹnu fẹ́ ìgò náà, tó sì fi ọwọ́ parí ẹnu rẹ̀. Bó bá gun orí ẹnu kọjá, ẹ̀rọ ló ṣe é. Michael Owens, ní Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló gbé ẹ̀rọ tó ń dá ṣe ìgò jáde ní 1903. Ṣùgbọ́n ìgò oògùn kékeré ò bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ẹ fi nǹkan bí 1905 ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé nínú àwọn ọdún 1920, ìgò oògùn tí wọ́n fi ẹnu fẹ́ ti ń di ohun àwátì lọ́jà Amẹ́ríkà.

Ìgò ẹ̀rọ ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Ìlà kan máa ń yí ọrùn rẹ̀ po lábẹ́ ẹnu. Nígbà mìíràn ẹ ó tún rí ìlà kejì lára ikùn rẹ̀, tó rí bàìbàì, tó sì ń wọ́ kiri. Mọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ló fi ìyẹn sílẹ̀, torí mọ́ọ̀dù méjì ni ẹ̀rọ ń lò fún ìgò kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé. Àwọn oníṣòwò a máa sọ pé bí ìlà bá ṣe súnmọ́ ẹnu tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgò ṣe jẹ́ tuntun tó, wọ́n á wá ya àwòrán tó ní ọdún oríṣiríṣi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ìgò. Ẹ má tẹ̀ lé e. Ibi tí ìlà ti sọnù wà lọ́wọ́ ẹni tó parí ẹnu ìgò náà: bó ṣe tì í wọnú iná tó, àti bó ṣe yí irin lára rẹ̀ tó. Ìgò méjì tó jáde nínú mọ́ọ̀dù kan náà lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra. Ìbéèrè kan péré ni ìlà ń dáhùn: ṣé ó gun ẹnu kọjá, àbí kò gùn ún?

Àwọn mìíràn á ní ìgò wọn ò ní ìlà rárá. Lóòótọ́, àwọn ìgò kan wà tí wọ́n yí nínú mọ́ọ̀dù títí ìlà fi pa rẹ́, ṣùgbọ́n yíyí yẹn ì bá pa lẹ́tà rẹ́ pẹ̀lú. Tí lẹ́tà bá wà, ìlà wà. Ẹ wo igun ìgò onígun mẹ́rin dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń fara pamọ́ sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì ara wọn. Tí ẹ ò bá rí ìkejì, ó lè jẹ́ pé ibi tó ha lẹ ń wò.

Ìpele 3: Ẹnu ìgò

Tó bá jẹ́ ìgò ẹ̀rọ, ẹ wo bóyá kọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe ẹnu rẹ̀ fún tàbí ìdérí tí wọ́n ń yí. Ìdérí yíyí gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1920 lọ. Kí ẹ bọ́ sí ìpele 4.

Ìgò tí wọ́n fi ẹnu fẹ́ ló nílò àyẹ̀wò gidi níbí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà parí ẹnu rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ẹnu àlẹ̀mọ́, tí àwọn tó ń kó ìgò jọ ń pè ní applied lip. Wọ́n á gé ìgò kúrò lẹ́nu ọ̀pá, wọ́n á mú dígí gbígbóná mìíràn yí ẹnu rẹ̀ ká, wọ́n á wá fi irin tò ó. Ẹ ó rí i pé dígí yẹn ṣàn sórí ọrùn níbì kan, tí etí rẹ̀ ò dọ́gba, ìlà mọ́ọ̀dù á sì wọ abẹ́ rẹ̀ tààrà, bíi pé wọ́n fi nǹkan bò ó. Ọ̀nà kejì, wọn ò fi dígí kún un. Wọ́n kàn dá ọrùn padà sínú iná, wọ́n sì fi irin yí ẹnu rẹ̀. Èyí ni ìlà mọ́ọ̀dù ti máa ń rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹnu, tí ẹ ó sì rí àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó yí ọrùn po.

Lára ìgò oògùn Amẹ́ríkà, ẹnu àlẹ̀mọ́ wọ́pọ̀ títí di àwọn ọdún 1880. Irin yíyí bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò rẹ̀ láti àwọn ọdún 1870, ó sì wà títí ẹ̀rọ fi dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò tètè fi ẹnu àlẹ̀mọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà wọn ìgò tó ní London tàbí Leeds lára.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ki ìka tàbí igi tín-ín-rín bọ ọrùn. Inú ẹnu àlẹ̀mọ́ sábà máa ń yọ díẹ̀ níbi tí dígí méjì ti pàdé. Inú ti irin yíyí máa ń dán.

Ìpele 4: Ẹ dojú ìgò dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀

Ìdí ìgò ló máa ń ya olóòótọ́ sọ́tọ̀. Oríṣi àpá mélòó kan ló wà níbẹ̀:

Àpá pontil. Ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi ń di ìdí ìgò mú nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá já a kúrò, á fi òrùka dígí tó mú ṣóńṣó sílẹ̀, tàbí àpá róbótó tó ní àwọ̀ bíi ìpẹtà, pupa tàbí dúdú. Ti ìpẹtà yẹn jẹ́ ti nǹkan bí 1845 sí 1870. Lápapọ̀, ìgò oògùn tó bá ní àpá pontil, ọ̀pọ̀ wọn ti wà ṣáájú òpin àwọn ọdún 1860, torí nígbà yẹn ni ohun ìdìmú tí kì í fi àpá sílẹ̀ gbòde.

Ìlà tó gba àárín ìdí kọjá, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Mọ́ọ̀dù tó ń ṣí bí ìwé ló ṣe é. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1870 fi parí.

Ìlà tó yí etí ìsàlẹ̀ ìgò po, tí ìdí fúnra rẹ̀ kò sì ní ìlà. Abala kẹta mọ́ọ̀dù ló gbé ìdí náà dúró. Láti àwọn ọdún 1870 lọ, òun lẹ máa bá pàdé jù.

Àpá róbótó tí kò sí ní àárín gbùngbùn, tí etí rẹ̀ rí wúrúwùru. Ti ẹ̀rọ Owens nìyẹn, níbi tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti gé dígí. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ló ń tà á bí pontil, owó gọbọi sì ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Àpá pontil máa ń mú lọ́wọ́. Àpá Owens rí fẹ́lẹ́, ìlà mọ́ọ̀dù ìgò rẹ̀ á sì ti gun ẹnu kọjá.

Ẹ tún wo ara ìgò fún àwọn tóótòòtó kékeré tó yọ, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ní èjìká, ní ìdí, nígbà mìíràn láàárín lẹ́tà pàápàá. Ihò ni wọ́n lu sí mọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde, dígí sì wọ inú ihò náà. Láti àárín àwọn ọdún 1880 lọ ló wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí i, bẹ́ẹ̀ ó lè gé ogún ọdún kúrò nínú iyèméjì yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ohun tí ìdí sọ kò gbọdọ̀ ta ko ohun tí ẹnu sọ. Àpá pontil pẹ̀lú ìlà tó gun ẹnu kọjá, ìyẹn ò ṣeé ṣe lára ìgò gidi.

Ìpele 5: Nísinsìnyí, ẹ ka lẹ́tà rẹ̀

Lẹ́tà tó ti ṣá, ẹ ra pọ́dà díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fi ìka nù ún lórí, pọ́dà á kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Tàbí kí ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù pa á. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, àti àmì &, àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sódì. Ẹ má tún sípẹ́lì ẹlòmíràn ṣe.

Ọ̀rọ̀ CURE ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lára ìgò Amẹ́ríkà. Òfin oúnjẹ àti oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 30, 1906 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 1907. Àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Sherley Amendment wá dé ní 1912, ó fi òfin de irọ́ pípa nípa ohun tí oògùn lè wò. Àwọn tó ń ta oògùn rí ìjì yẹn, wọ́n sì ń pààrọ̀ CURE sí REMEDY. Warner's Safe Kidney & Liver Cure ti Rochester, tí àwòrán àpótí ìfowópamọ́ onírin wà lára rẹ̀, di Warner's Safe Kidney & Liver Remedy. Ẹ ṣọ́ra: REMEDY nìkan kò fi hàn pé ìgò wà lẹ́yìn 1906, torí àwọn kan ti ń lò ó tipẹ́. CURE ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù, ó ń fa òpin ọdún ìgò sẹ́yìn.

Tí ìlà kan bá yí àkọlé po bíi férémù, àwo irin tó ṣeé yọ ni wọ́n fi sínú mọ́ọ̀dù, kí oníṣòwò kékeré lè ní ìgò tó ní orúkọ tirẹ̀ láìná owó mọ́ọ̀dù tuntun. Láti ìparí àwọn ọdún 1860 lọ lèyí. Àwọn tó ń po oògùn ní ìlú kéékèèké ló lò ó jù, ìgò wọn sì dùn ún wá: orúkọ àti àdírẹ́sì wà níbẹ̀, ẹ kàn lọ wo ìwé orúkọ àwọn olùgbé ìlú náà ní ilé ìkàwé wọn, kí ẹ rí ọdún tí ṣọ́ọ̀bù náà fi wà ní òpópónà yẹn.

Fún ìgò Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, tí lẹ́tà kéékèèké wà ní igun rẹ̀. 1842 sí 1883 ni wọ́n lò ó láti fi orúkọ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Láti 1884, "Rd No" àti nọ́ńbà ló rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ láti 1, nígbà tí 1900 sì dé, ó ti kọjá 350,000. Èyí náà, ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ló ń sọ, ìgò lè wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Ìgò aláró tó ní ìlà gbórogbòro àti NOT TO BE TAKEN jẹ́ ti oògùn tí wọn kì í mu. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lókùnkùn.

Àkọlé kan wà tí yóò mú ọ̀pọ̀ nínú yín rẹ́rìn-ín: WOODWARD CHEMIST NOTTINGHAM. Gripe water ni, èyí tí àwọn ìyá wa ń fún ọmọ tí inú ń run. Wọ́n ta á títí wọ ayé ẹ̀rọ, torí náà orúkọ rẹ̀ ò lè sọ ọdún fún yín. Ìlà àti ẹnu rẹ̀ ló máa sọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹlòmíràn ní ìgò náà kó ka lẹ́tà rẹ̀ sókè láìwo ìwé yín.

Ìpele 6: Àmì ilé iṣẹ́ dígí

Ìdí ló sábà máa ń wà. Ẹni tó ta oògùn yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ìgò, ẹ má pa wọ́n pọ̀. W.T. & Co. ni Whitall Tatum ti Millville, New Jersey. Nígbà tí wọ́n yí ilé iṣẹ́ náà padà ní 1901, & kúrò níbẹ̀. O nínú onígun mẹ́rin ni Owens Bottle, 1919 sí 1929. O tí dáyámọ́ńdì gba inú rẹ̀ kọjá, tí I wà láàárín, ni Owens-Illinois láti 1929 títí di nǹkan bí 1954. Ti Owens-Illinois yìí, nọ́ńbà apá òsì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ti apá ọ̀tún jẹ́ ọdún. Bí ẹ bá rí 7 lápá ọ̀tún, ó lè jẹ́ 1937 tàbí 1947. Ẹ wo bóyá tóótó kan tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i ní 1940, tàbí bóyá Duraglas, orúkọ tí ilé iṣẹ́ náà fún dígí rẹ̀, wà níbẹ̀ ní ìkọ̀wé ọwọ́, ti 1940 sókè lòun náà.

Ìpele 7: Àwọ̀

Ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín. Àwọ̀ omi òkun, búráùn àti aró wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Elésè àlùkò nìkan ló ní ìtàn tó wúlò díẹ̀: manganese tí wọ́n fi ń mú kí dígí mọ́ kedere ni oòrùn yí padà. Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí manganese wọ́n, selenium sì gbapò rẹ̀, èyí tó máa ń di àwọ̀ koríko gbígbẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n elésè àlùkò tó bá ṣú dùdù, tó dọ́gba látòkè délẹ̀, ẹ fura sí i. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ìtànṣán sun ìgò gidi kí owó rẹ̀ lè lọ sókè. Dígí náà jẹ́ ti àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ ni irọ́.

Ìpele 8: Ẹ so àwọn àmì pọ̀

Òfin kan ṣoṣo ló wà: ìgò kò lè dàgbà ju àmì tó jẹ́ tuntun jù lára rẹ̀ lọ. Ẹ mú ìgò Dr. Kilmer's Swamp-Root kan. Àwọ̀ omi òkun ni. Ìlà mọ́ọ̀dù rẹ̀ rẹ̀ dànù lábẹ́ ẹnu, irin ni wọ́n fi yí i: 1870 sókè. Ìlà yí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ po: ọ̀rọ̀ kan náà. Tóótòòtó afẹ́fẹ́ wà ní èjìká rẹ̀: nǹkan bí 1885 sókè. Lára rẹ̀, KIDNEY LIVER & BLADDER CURE, BINGHAMTON, N.Y.: kí 1907 tó dé, tàbí ní àyíká rẹ̀. Ìdáhùn yín ni 1885 sí 1907. Bí ẹnikẹ́ni bá ní 1879 ni wọ́n ṣe é torí pé ó rí i nínú ìwé kan pé ìgbà náà ni Kilmer bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹ fi tóótòòtó yẹn hàn án.

Ìpele 9: Ayédèrú

Ilé iṣẹ́ Wheaton ní New Jersey ṣe ọ̀pọ̀ ìgò kéékèèké bíi ti àtijọ́ fún ọ̀ṣọ́ ní àwọn ọdún 1970, láìfi ète wọn pa mọ́. Tí ẹ bá rí Frank's Safe Kidney & Liver Cure, tàbí Ball and Claw Bitters, tiwọn ni. Ẹ wo ìdí, WHEATON tàbí NULINE sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ máa rí i lórí àtẹ tí wọ́n fi iye owó ìgò àtijọ́ sí i. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń tàn yòò, ìdí rẹ̀ ò sì ní ìha tó yẹ kí ohun tó ti dúró lórí pákó fún ọgọ́rùn-ún ọdún ní. Ẹ fi awò wo ìha yẹn: ti gidi máa ń gba ọ̀nà oríṣiríṣi, ti ẹni tó fi sáńpépà ra á máa ń gba ọ̀nà kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà tó nípọn, ẹ kọ àkọlé, ibi tí ẹ ti rà á, àwọn àmì, àti ọdún méjèèjì. Ẹ ká a, kí ẹ fi sínú ọrùn ìgò, kí orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Sẹ́lótéèpù ò dáa lára dígí tó ti ń bó, á bó ojú rẹ̀ lọ.